Akàn aláró: ìdí tí wọ́n fi ń mú un, tí wọ́n sì tún ń dá a padà sómi

Fídíò kan ni àbúrò mi fi sórí WhatsApp ẹbí wa ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan. Maryland ló ń gbé, ní Amẹ́ríkà. Ó dúró sí etí omi, ó fa okùn, àpótí oníwáyà kan jáde, akàn mẹ́fà wà nínú rẹ̀. Ó mú rúlà, ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí télọ̀ bá ń wọn ọmọ fún aṣọ Kérésì. Ó yí ikùn wọn sókè, ó wò ó fínnífínní. Lẹ́yìn náà ló ju mẹ́rin padà sómi, ó fi méjì sínú apẹ̀rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí fóònù, ó tán.

Ìyá mi ń ro ọkà lọ́wọ́ nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí mo gbé fídíò náà síwájú rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Bá mi bi ọmọ yìí, kí ni akàn ọ̀hún ṣe é? Ta ní í mú ẹran tán tí í dá a padà sígbó?"

Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní ìjọba òyìnbó ti dẹ́rù ba ọmọ wa débi pé akàn lásán ló ń bẹ̀rù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan béèrè pé àpótí tí ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lábẹ́ omi, báwo ló ṣe mú akàn dúró. Ẹlòmíì fẹ́ mọ ìdí tí kò fi sí omi nínú apẹ̀rẹ̀ tí ó kó méjì tó kù sí. Nítorí pé mo ti lo bí oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi yìí rí, tí a jọ ń lọ sí etí omi náà lópin ọ̀sẹ̀, èmi ni gbogbo wọn kọjú sí. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ wa lójú ni pé akàn tí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ kọ́ ni akàn tí à ń sọ. Akàn odò ni tiwa, èyí tí a máa ń ki ọwọ́ bọ ihò fún létí ìṣàn omi nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a máa ń ṣí òkúta fún létí odò Ọbà. Ìrìn ni tirẹ̀; kò mọ̀wẹ̀ kan dàbí alárà. Akàn ti ọ̀dọ̀ àbúrò mi, òmùwẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tó wà lẹ́yìn pátápátá tẹ́ pẹlẹbẹ bí àjẹ̀ ọlọ́kọ̀, ó sì fi ń wa ara rẹ̀ lọ ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bí ọfà. Ọwọ́ ẹ̀mú rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ dàbí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ìkòkò aró. Ìyẹn ni mo ṣe ń pè é ní akàn aláró. Lédè sáyẹ́ǹsì, Callinectes sapidus ni. Obìnrin onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, Mary Rathbun, ló sọ ọ́ lórúkọ náà ní 1896, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni òmùwẹ̀ arẹwà tó dùn lẹ́nu. Ó dá mi lójú pé ebi ń pa ìyá náà lọ́jọ́ tí ó kọ orúkọ yẹn sílẹ̀.

Etí òkun Àtìláńtíìkì ni ilé rẹ̀, láti Kánádà ní òkè lọ́hùn-ún títí dé Ajẹntínà. Ó fẹ́ràn ibi tí odò ti ń pàdé òkun, tí iyọ̀ omi kò le tó ti òkun gan-an. A ní ìbátan rẹ̀ níbí: akàn Ọ̀sà Èkó, ti Ẹ̀pẹ́ àti ti Bàdágírì, Callinectes amnicola lórúkọ tirẹ̀. Àwọn apẹja ọ̀sà ń fi àwọ̀n rìbìtì tí wọ́n so ìdẹ sí láàárín mú un. Akàn tí ẹ ń rí nínú fìrísà àwọn tó ń ta ẹja lọ́jà wa níbí, tí wọ́n ní Èkó ni ó ti wá, òun ni. Nítorí náà, gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò jìnnà sí ìkòkò ọbẹ̀ wa tó bí ẹ ṣe rò.

Àbúrò bàbá mi ti béèrè bóyá a lè kó díẹ̀ wá sínú omi ìdídò Ọbà kí ó máa bí sí i. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Àgbà akàn aláró lè gbé nínú omi tí kò níyọ̀ fún ìgbà díẹ̀, pàápàá akọ; òun a máa gun odò lọ jìnnà. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ kò lè yè láìsí omi oníyọ̀. Nígbà tí akàn odò tiwa bá pa ẹyin, ọmọ akàn kéékèèké ló ń jáde, wọ́n á rọ̀ mọ́ ikùn ìyá wọn fún ìgbà díẹ̀. Ti aláró kò jọ akàn rárá nígbà tó bá kọ́kọ́ jáde: nǹkan bíńtín tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ni, ẹ̀gún kan lórí, ìrù kan lẹ́yìn, ó ń léfòó kiri nínú òkun. Ó máa bọ́ awọ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó dà bí akàn, kó tó padà wọ inú ọ̀sà.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ọ̀rọ̀ àpótí. Tí a bá gbọ́ pé ẹnì kan dẹ pàkúté, ohun tó ń wá sọ́kàn wa ni irin tó ń dè pàù mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀yà. Àpótí akàn kì í dè mọ́ nǹkan kan. Ìgèrè ló bá a tan, agbọ̀n tí àwọn apẹja wa ń rì sómi, tí ẹnu rẹ̀ gbòòrò níta tó sì fún nínú. Ẹja wọlé wẹ́rẹ́, ìgbà tó bá fẹ́ jáde ni kò rí ojú ọ̀nà mọ́.

Oríṣi àpótí méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ wọn gan-an ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tó tóbi, tí wọ́n ń rì sómi mọ́jú. Ará Virginia kan, Benjamin F. Lewis, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1928, tó sì tún un ṣe dáadáa ní 1938. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Nísàlẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà wà, bíi ti ìgèrè, nísàlẹ̀ náà sì ni ìdẹ wà, nínú àpótí kékeré oníwáyà tí akàn lè gbóòórùn rẹ̀, tó lè máa tọ́ ọ wò, ṣùgbọ́n tí kò lè gbé lọ. Akàn á wọlé, á jẹ díẹ̀, á ní òun fẹ́ máa lọ. Ìwà akàn aláró tí ẹ̀rù bá ń bà ni pé òkè ló ń sá sí. Á lúwẹ̀ẹ́ sókè, á gba ihò tóóró kan kọjá, á bá ara rẹ̀ ní yàrá òkè. Kò ní í ronú kan ìsàlẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe jókòó sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì títí ẹni tó ni àpótí yóò fi dé, tí ilẹ̀kùn tó gbà wọlé sì ṣí sílẹ̀ ní abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin yẹn kò fi ohun kan de akàn. Ìwà akàn náà ló mọ̀, ó sì kọ́lé lé e.

Èkejì ni ti àbúrò mi nínú fídíò. Òun ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é fún ìgbádùn létí omi, tí wọn kò ní ọkọ̀ ojú omi. Ògiri wáyà mẹ́rin ló ní. Tó bá balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ṣubú lulẹ̀ pẹrẹsẹ bí ìwé tí wọ́n ṣí. Ìdẹ wà láàárín. Akàn á rìn wọ orí rẹ̀ bí ẹni rìn wọ ọjà. Ìgbà tí ẹ bá fa okùn ni àwọn ògiri á dìde papọ̀. Nítorí náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, o gbà á: àpótí tí o rí yẹn kò mú akàn dúró. Bí àbúrò mi bá gbàgbé rẹ̀ tó lọ sùn, akàn á jẹ ìdẹ tán, á bá tirẹ̀ lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa fà á wò ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọrùn adìẹ ni ìdẹ tó wọ́pọ̀. (Ẹ má sọ fún ìyá mi.) Ó lówó pọ́ọ́kú, ó yi, kì í tètè já. Òórùn rẹ̀ ni akàn ń tọ̀ wá, kì í ṣe ojú ló fi ń rí i láti òkèèrè, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ máa rìn kí ó lè gbé òórùn náà kiri. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń rú ará òkè bíi tèmi lójú. Odò Ọbà, ọ̀nà kan ló ń ṣàn láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Omi etí òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùpá ń fà á, oòrùn náà ń ràn án lọ́wọ́, ó ń kún wọlé, ó sì ń fà padà, ní ọ̀pọ̀ ibi ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Ní ìgbà tó bá ń wọlé tàbí tó ń padà ni akàn ń jáde wá oúnjẹ kiri. Bí omi bá dákẹ́ rọ́rọ́ láàárín méjèèjì, ẹ lè lọ jẹun tiyín. Ìgbà òtútù nkọ́? Kò sí nǹkan kan. Tí omi bá ti tutù ju bó ṣe yẹ lọ, akàn á ri ara rẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀, á wà níbẹ̀ títí ooru á fi dé.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà kẹta ju àpótí méjèèjì lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akàn tó ń bá a wá kò pọ̀: okùn lásán. Ẹ so ọrùn adìẹ mọ́ ìdí okùn, ẹ jù ú sómi, ẹ so orí okùn mọ́ òpó. Ẹ dúró. Bí okùn bá le dan-in tó ń rìn sí ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan ti dé ibẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo fa tèmi kíákíá bí ẹni ń fa omi lára kànga, ọrùn adìẹ nìkan ló bá mi dé òkè. Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra. Kò mọ̀ pé ẹnì kan ń fà á; ẹ jẹ́ kó máa rò pé òun ló ń fa oúnjẹ lọ." Mo fi ìka méjì pere fa okùn náà, díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Mo kọ́kọ́ rí òjìji dúdú kan nínú omi, lẹ́yìn náà aró, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ méjèèjì lórí ọ̀pá wọn. A ti ń sọ ọ́ láti ilẹ̀ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Òjìji mi kan ojú omi lásán, akàn jọ̀wọ́ ọrùn adìẹ, ó lọ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á ti ki àwọ̀n onígi rẹ̀ bọ inú omi lábẹ́ akàn náà ṣáájú kí ó tó rí òkè. Ó gbà mí tó ìgbà mẹ́sàn-án kí n tó mú ẹyọ kan.

Bí ẹ bá mú un wàyí, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti dì í mú, níbi tí àwọn ẹsẹ̀ tó dà bí àjẹ̀ ti so mọ́ ara, kí ọwọ́ ẹ̀mú rẹ̀ má baà tó yín. Ẹ yí ikùn rẹ̀ sókè. Ẹ ó rí ohun kan tó lẹ̀ mọ́ funfun ikùn náà bí ìbàǹtẹ́. Ìbàǹtẹ́ yìí ni gbogbo àṣírí. Ti akọ tín-ín-rín, ó ga lọ sókè bí ọ̀pá. Ti abo tó ti dàgbà gbòòrò, ó rí rìbìtì. Ti abo tí kò tíì bàlágà jẹ́ onígun mẹ́ta. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi akọ wé òpó ìrántí gogoro kan ní Washington, wọ́n sì fi abo wé òrùlé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn níbẹ̀; lọ́dọ̀ tiwa, mọ́ṣáláṣí kan ṣoṣo tó méjèèjì: gogoro tí wọ́n fi ń pe ìrun ni ti akọ, òrùlé tó rí rìbìtì ni ti abo. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ yí i padà, ẹ wo orí ọwọ́ ẹ̀mú rẹ̀. Ti abo pupa ròdòròdò bí ẹni tó fi làálì sí èékánná.

Kí ló wá dé tí àbúrò mi fi ń dá abo padà? Nítorí bí abo ṣe ń lọ́kọ ni. Akàn kò lè dàgbà nínú igbá ẹ̀yìn kan náà. Ó ní láti bọ́ èyí tó ti kéré, kó jáde ní rírọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n bọ̀, kó fa omi sára kó lè fẹ̀, kí igbá tuntun tó le. Bí ó ṣe ń tóbi nìyẹn ní gbogbo ìgbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n abo ní ìgbà ìkẹyìn tó ń bọ́ igbá, ìgbà yẹn ló sì ń bàlágà. Akọ á ti mọ̀ pé ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀. Á gbé e sábẹ́ ara rẹ̀, á máa gbé e kiri fún ọjọ́ mélòó kan, á ṣọ́ ọ nígbà tó bá bọ́ igbá tí ara rẹ̀ kò ní ààbò, á bá a lò pọ̀, á sì tún dì í mú títí igbá tuntun yóò fi le. Lẹ́yìn èyí, ó dìgbóṣe. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà ni fún abo láyé rẹ̀. Irú ọmọ tó gbà lọ́jọ́ náà ló máa fi pamọ́ sára, tí yóò máa lò ó láti fi yé ẹyin léraléra, kódà tí ó bá tó ọdún kan lẹ́yìn náà.

Tó bá yé ẹyin, abẹ́ ìbàǹtẹ́ ló ń kó o sí. Ó máa ń wú síta bíi kànrìnkànrìn, ó máa ń pọ́n bí ọsàn tó pọ́n nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun, á sì máa dúdú bí ọjọ́ ìpa bá ṣe ń súnmọ́. Ẹyin tó wà nínú ìdìpọ̀ kan ṣoṣo máa ń tó bíi mílíọ̀nù méjì. Díẹ̀ kínún nínú wọn ló ń dàgbà. Ẹja ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ rí ìṣirò náà: ẹni tó mú akọ kan, akọ mìíràn wà tó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀, nítorí akọ a máa fẹ́ ju ìyàwó kan lọ. Ẹni tó mú abo kan tó ti gbọmọ sára, gbogbo ẹyin tí ì bá yé lọ́dún náà àti lọ́dún tó tẹ̀lé e ló bá a lọ sínú ìkòkò.

Ní Maryland, láti 2008, òfin kò gbà kí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbádùn mú abo tí igbá rẹ̀ ti le. Àbúrò mi a máa sọ pé àánú ló jẹ́ kí wọ́n ṣòfin yẹn. Èmi kò gbà. Àwọn apẹja tó ń fi í ṣòwò ń mú abo níbẹ̀, pẹ̀lú òté lórí iye tí wọ́n lè mú. Ìṣirò lásán ni, wọ́n sì ń ṣe ìṣirò náà lóòótọ́: láti 1990 ni Maryland àti Virginia ti ń wọ́ irin kan nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi Chesapeake, ọ̀sà ńlá tí ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ pín, ní gbogbo ìgbà òtútù, ní ibi tó tó 1,500, láti ka akàn tó ń sùn. Iye tí wọ́n bá kà ni wọ́n fi ń pinnu bóyá kí wọ́n dẹ òfin tàbí kí wọ́n le e sí i.

Rúlà nìyí. Ohun tí wọ́n ń wọ̀n ni ìbú igbá ẹ̀yìn, láti ṣóńṣó ẹ̀gún gígùn tọ̀tún dé ṣóńṣó tòsì. Kì í ṣe láti orí dé ìdí, kì í sì í ṣe pẹ̀lú ẹsẹ̀. Ní Maryland, akọ tí igbá rẹ̀ ti le gbọ́dọ̀ tó ínǹṣì 5 ní ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, àti ínǹṣì 5 àti ìdámẹ́rin láti ọjọ́ 15 oṣù Keje. Èyí tó jẹ́ ínǹṣì 4 àbọ̀ á padà sómi. Ìyá mi ní ahun ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: ìgbàkígbà tí akàn bá bọ́ igbá, ó lè fi ìdámẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fẹ̀ sí i. Ọmọ ínǹṣì 4 àbọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré tó bá bọ́ igbá, á kọjá ínǹṣì 5 àbọ̀. Nínú mẹ́rin tí àbúrò mi dá padà nínú fídíò yẹn, mẹ́ta jẹ́ abo, ọ̀kan jẹ́ akọ tí kò tíì tó. Kò ju ẹran nù.

Mo sì tún fi ojú ara mi rí i pé ìtóbi nìkan kò tó. Akàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ igbá lè tóbi, kó dán gbinrin, kó lẹ́wà. Ẹ sè é tán kí ẹ fọ́ ọ, omi ló kún inú rẹ̀. Ẹran kò tíì kún igbá tuntun náà. Èyí tí igbá rẹ̀ ti dọ̀tí, tí ikùn rẹ̀ ti ṣú díẹ̀, tó wúwo lọ́wọ́, òun ni kí ẹ gbé. Àwọn tó fẹ́ràn ẹwà ló ń jẹ omi.

Òfin yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Ní Texas, ínǹṣì 5 ni, akọ tàbí abo, ṣùgbọ́n abo tó gbẹyin síta kò ṣeé mú. Àpótí 6 sì ni ẹnì kan tó ń ṣe é fún ìgbádùn lè rì. Ní Florida, àpótí 5. Àwọn àpótí ńlá tí okùn wọn já kì í ṣíwọ́ iṣẹ́: akàn á wọlé, á kú, òkú rẹ̀ á di ìdẹ fún òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ti omi pa mọ́ àpótí fún ọjọ́ mẹ́wàá ní oṣù Kejì ní Texas láti 2002, kí àwọn olùyọ̀ǹda lè kó èyí tí wọ́n gbàgbé kúrò; wọ́n ti kó ju 40,000 lọ. Ìjàpá omi kan wà náà tó ń wọ àpótí lọ jẹ ìdẹ, tí kò sì lè mí lábẹ́ omi, ló fi jẹ́ pé ní Maryland àti New Jersey, wọ́n ń fi wáyà onígun mẹ́rin há ẹnu àpótí kí akàn lè wọlé kí ìjàpá má lè wọ̀ ọ́.

Kí ẹ sì wo ìlú mìíràn. Akàn aláró kan náà ti dé òkun Mẹditaréníà, níbi tí kì í ṣe ilé rẹ̀, ó ń jẹ gbogbo ohun tó bá pàdé. Ní 2023, ìjọba Ítálì ya mílíọ̀nù 2.9 owó yúrò sọ́tọ̀ láti bá a jà, nítorí pé ó ti ń run oko àwọn ẹran omi oníkarawun lẹ́nu odò Po. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá dá abo padà sómi, ojú ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n máa fi wò ó.

Ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ ló kù, èmi ni mo sì fi í kọ́gbọ́n. Ní Sátidé kejì tí a jọ lọ, àbúrò mi lọ gbé oúnjẹ nínú ọkọ̀, ó ní kí n máa bójú tó akàn mọ́kànlá tí a ti mú. Mo wò wọ́n nínú apẹ̀rẹ̀ gbígbẹ, àánú wọn ṣe mí. Mo pọn omi kún bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ẹnu, mo kó gbogbo wọn sínú rẹ̀, inú mi dùn. Oòrùn mú. Nígbà tí a fi máa wo bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án, mẹ́jọ ti kú. Àbúrò mi kò bú mi, ó kàn dà wọ́n nù, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Akàn ń mí afẹ́fẹ́ tó yòrò sínú omi. Nínú ọ̀sà, omi ń rìn, tuntun ń wọlé. Nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, akàn mọ́kànlá ti mí gbogbo rẹ̀ tán láàárín àkókò díẹ̀, omi gbígbóná kì í sì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀ mọ́ra. Omi ló pa ẹran omi. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yà ara tó fi ń mí bá ṣáà ti tutù, ó lè fi mí afẹ́fẹ́ ìta fún wákàtí púpọ̀. Apẹ̀rẹ̀ gbígbẹ lábẹ́ ìbòòji, àpò ìdọ̀họ tí a rẹ sómi tí a dà bò wọ́n, ó parí. Bí ẹ bá lo yìnyín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó sínú omi tó yọ́ lára rẹ̀.

Òkú akàn, ẹ má sè é. Ẹran rẹ̀ ń bàjẹ́ kíákíá ju ti ẹja lọ. Ẹni tó bá sì ní egbò lẹ́sẹ̀, kó jókòó sókè. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní Vibrio wà nínú irú omi bẹ́ẹ̀ nígbà ooru, ojú egbò ló ń gbà wọlé. Ti akàn odò tiwa nílé, ẹ sè é jinná dénú. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní apá Ìlà Oòrùn ni aràn inú ẹ̀dọ̀fóró mú, nítorí pé ebi jẹ́ kí wọ́n máa jẹ akàn odò tí kò jinná.

Tó bá wọ inú ìkòkò, aró á di osùn lójú yín. Àwọ̀ pupa náà ti wà nínú igbá rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun aṣaralóore kan ló dì mọ́ ọn tó mú kó jọ aró. Iná á tú wọn ká, pupa á jáde. Àbúrò mi ń fi ata gbígbẹ àti iyọ̀ ṣe tirẹ̀ lórí ooru omi gbígbóná gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀. Ó dùn, àmọ́ mo ṣì ń wá ọbẹ̀.

Mo ka gbogbo èyí fún ìyá mi kí n tó fi í síta. Kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo bá a lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja fún un. Akàn Èkó wà nílẹ̀. Ìyá mi mú ọ̀kan, ó yí ikùn rẹ̀ sókè, ó fi ìka tọ́ ìbàǹtẹ́ rẹ̀, ó mú òmíràn, ó yí i, ó mú òmíràn.

Obìnrin náà wò ó títí. Ó ní, "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ wá ọkọ fún un ni?"

Ìyá mi ní, "Ó ti ní in rí. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni tiẹ̀. Bá mi wá akọ."